Èdè Wo Ni Wọ́n Ń Sọ Nínú Ọkọ̀ Náà?

Ìyá àgbà mi, ọmọ bíbí Ẹ̀sìẹ́ tó lọ́kọ sí Òmù-Àrán, kì í wo tẹlifíṣọ̀n pẹ́. Bí fíìmù bá bẹ̀rẹ̀, kí á tó wò ó dé ìdajì, oorun á ti gbé e lọ lórí àga. Àmọ́ lálẹ́ ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi gbé kásẹ́ẹ̀tì Roots wálé láti Ìlọrin, ìyá kò sùn. Ó fọwọ́ lẹ́rán, ó ń wò. Nígbà tó dé ibi tí wọ́n ti kó àwọn èèyàn dùbúlẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀, tí wọ́n fi ẹ̀wọ̀n so ẹnì kan mọ́ ẹnì kejì, tí ọkùnrin gìrìwò kan wá gbóhùn sókè tó ń bá àwọn yòókù sọ̀rọ̀, ìyá yíjú sí mi.

Ó ní, "Àyìndé, èdè wo ni wọ́n ń sọ nínú ọkọ̀ náà?"

Mo ní, "Òyìnbó ni, Màmá."

Ó ní, "Mo gbọ́ pé òyìnbó ni. Ṣé wọ́n ti gbọ́ òyìnbó kí wọ́n tó dé ilẹ̀ òyìnbó ni?"

N kò rí èsì fún un. Mo kàn rẹ́rìn-ín ni, bí ọmọdé ṣe máa ń fi ẹ̀rín bo àìmọ̀ mọ́lẹ̀. Láti ọjọ́ náà, mo ti wo eré yìí nígbà mẹ́ta mìíràn, gbogbo ìgbà tí mo bá sì dé orí omi ni ìbéèrè rẹ̀ máa ń dìde sí mi. Ohun tí mo fẹ́ ṣe nínú àròkọ yìí ni kí n yẹ ìrìn àjò orí òkun inú Roots wò, apá yẹn nìkan, nítorí ibẹ̀ ni mo rò pé eré ńlá náà ti ṣe dáadáa jù, ibẹ̀ náà ló sì ti kùnà jù. Ìyá ní ìdí tó fi béèrè ohun tó béèrè. Màá dé ibẹ̀ tó bá yá.

Ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ABC ní Amẹ́ríkà ló gbé Roots jáde ní oṣù kìíní ọdún 1977. Alẹ́ mẹ́jọ léraléra ni wọ́n fi ṣe é. Inú ìwé tí Alex Haley tẹ̀ jáde ní 1976 ni wọ́n ti fà á yọ. Ìtàn Kunta Kinte ni, ọmọ Mandinka láti abúlé Juffure ní ilẹ̀ Gambia, ẹni tí wọ́n jí gbé, tí wọ́n fi ọkọ̀ Lord Ligonier gbé dé Annapolis ní Maryland ní ọdún 1767, àti ìtàn àwọn àrọ́mọdọ́mọ rẹ̀ lóko ẹrú. Nǹkan bí mílíọ̀nù 100 èèyàn ló wo alẹ́ tó kẹ́yìn.

Ẹni bá fẹ́ bu eré yìí kù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yìn ín. LeVar Burton tó ṣe Kunta jẹ́ ọmọ ọdún 19, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni nígbà náà, kò sì tíì ṣe eré sinimá kankan rí. Ojú rẹ̀ ni ó fi ṣe gbogbo iṣẹ́. Bó bá jí nínú òkùnkùn, tó fa ẹ̀wọ̀n, tó rí i pé ẹsẹ̀ òun àti ti ẹlòmíràn ti di ọ̀kan, ojú yẹn máa ń sọ ohun tí ẹnu kò lè sọ. Àwọn olùdarí eré náà kò sì fi bẹ́ẹ̀ pa ìwà ìkà mọ́. A rí pákó tí wọ́n tò wọ́n sí bí ẹni to igi ìdáná. A rí bí wọ́n ṣe ń kó wọn gòkè pé kí wọ́n jó, kí ara wọn lè le títí wọn yóò fi dé ọjà. Lórí ijó náà ni wọ́n ti dìde sí àwọn atukọ̀, tí ìjà sì bẹ́.

Ọkùnrin gìrìwò tí mo sọ lókè yẹn, ìjàkadì ni iṣẹ́ rẹ̀ nílé kí wọ́n tó mú un. Ji-Tu Cumbuka ló ṣe é. Ó sọ fún àwọn tó wà nínú òkùnkùn náà pé kí kálukú wọn kọ́ èdè ẹni tí wọ́n so mọ́ ọn, kí ẹni yẹn náà kọ́ tirẹ̀, kí gbogbo wọn lè di abúlé kan ṣoṣo. N kò mọ ọ̀rọ̀ tó jinlẹ̀ ju èyí lọ nínú gbogbo alẹ́ mẹ́jọ. Òun ló sọ bí àwọn tí kò mọ ara wọn rí ṣe di ẹbí sórí omi.

Àmọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ló fi sọ ọ́. Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo wọn fi dá a lóhùn. Kí ni wọ́n tún fẹ́ kọ́? Ó dà bí ìgbà tí ẹnì kan dúró láàárín àwọn tó ń jẹun, tó ń gbà wọ́n nímọ̀ràn pé kí wọ́n wá oúnjẹ. Etí wa kò gbọ́ ìṣòro náà, nítorí náà ọkàn wa kò lè yọ̀ nígbà tí wọ́n borí rẹ̀. Ká ní a ti gbọ́ Mandinka ní ẹ̀gbẹ́ kan, Wolof ní ẹ̀gbẹ́ kejì, Fúlàní ní ìsàlẹ̀, kí ọ̀rọ̀ ìjàkadì tó jáde, ká ní a rí ẹnì kan tó fọwọ́ kan àyà rẹ̀, tó pe orúkọ, tí ẹnì kejì gbìyànjú láti pè é tó sì ṣì í pè, à bá ti mọ ohun tí ó ná wọn kí wọ́n tó lè di abúlé.

Ẹ jẹ́ ká gòkè lọ sí yàrá ọ̀gá ọkọ̀. Kápùténì Davies ni wọ́n ń pè é, Edward Asner ló ṣe é. Ẹlẹ́sìn ni Davies, kò tíì fi ọkọ̀ kó ẹrú rí. A rí i tó ń ṣe iyè méjì nípa iṣẹ́ tó gbà. A rí Slater, ọmọ abẹ́ rẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ iṣẹ́ náà, tó ń ṣàlàyé fún un bí wọ́n ṣe ń di èèyàn sínú ọkọ̀. Nígbà tí Slater mú ọmọbìnrin kan wá fún un nínú yàrá rẹ̀, Davies kọ̀, ó bínú, nígbẹ̀yìn ó sì ṣubú. A rí ìtìjú lójú rẹ̀. Asner ṣe é dáadáa débi pé ó gba ẹ̀bùn Emmy nítorí rẹ̀.

Mi ò bínú pé wọ́n fi òyìnbó onínúure sínú ọkọ̀ ẹrú. Ó ṣeé ṣe kí irú rẹ̀ wà. Ohun tó ń dùn mí ni pé òun nìkan ni wọ́n jẹ́ kó ṣiyè méjì, òun nìkan ni wọ́n jẹ́ kó ṣàṣìṣe, òun nìkan ni wọ́n jẹ́ kó kábàámọ̀. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ ń jìyà, wọ́n ń bínú, wọ́n ń jà. Ìrora wọn pọ̀, ìgboyà wọn pọ̀. Àmọ́ ẹ̀dá tó kàn ń jìyà tó sì ń jà, tí kì í ro nǹkan sí òtún kó rò ó sí òsì, kò tíì pé ní èèyàn lójú òǹwòran. Ọmọbìnrin tí wọ́n mú lọ sí yàrá ọ̀gá ọkọ̀ yẹn ńkọ́? Ojú Davies la fi wò ó. Ìtìjú Davies la fi mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i. Ohun tí òun fúnra rẹ̀ ń rò, a kò mọ ọ́n dòní.

Kì í ṣe ìwé Haley ló fà á. Nínú ìwé náà, ọ̀dọ̀ Kunta ni òǹkàwé wà ní gbogbo ìrìn àjò náà. Òórùn tó gbọ́, ariwo tó gbọ́, ohun tó rò pé òyìnbó fẹ́ fi àwọn ṣe, ni òǹkàwé mọ̀. Àwọn onítẹlifíṣọ̀n ló kọ́ yàrá fún ọ̀gá ọkọ̀. William Blinn, ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn òǹkọ̀wé eré náà, kò fi ìdí rẹ̀ pamọ́: wọ́n fẹ́ kí àwọn òǹwòran funfun rí ẹni tí wọ́n lè fi ara wọn wé. Mo gbọ́ ọ. Ọjà ni tẹlifíṣọ̀n, oníbàárà sì ni ọba. Àmọ́ ẹ wo ohun tí wọ́n san kí wọ́n tó ra ojúrere oníbàárà: ọkàn àwọn tó wà nísàlẹ̀ ni.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní kò sí bí a ṣe lè mọ ọkàn wọn, èmi á ní kó lọ ka lẹ́tà tí Samuel Àjàyí Crowther kọ ní ọdún 1837 sí Ẹgbẹ́ Míṣọ́nnárì CMS, níbi tó ti ròyìn bí wọ́n ṣe mú òun lẹ́rú. Ní ọdún 1821 ni ogun kó o ní Òṣogùn. Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ fún ẹṣin, wọ́n tún dá a padà. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó. Kí ó tó rí òkun rárá, ọ̀sà ni ó kọ́kọ́ bà á lẹ́rù. Kò wọ ọkọ̀ ojú omi rí. Wọ́n gbé e sínú ọkọ̀, ó dùbúlẹ̀ láàárín àwọn àpò àgbàdo, kò sì fẹ́ gbé ojú sókè.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1822, wọ́n kó o pẹ̀lú àwọn ẹrú mìíràn, gbogbo wọn jẹ́ 187, sínú ọkọ̀ àwọn Pọtogí. Ní ìrọ̀lẹ́, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì méjì lé wọn bá, wọ́n gbà wọ́n. Wọ́n pín wọn sí ọkọ̀ tó yàtọ̀ síra. Nígbà tí Àjàyí àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dé inú ọkọ̀ ogun Myrmidon, wọn kò rí àwọn tí wọ́n ti kó ṣáájú wọn. Ohun tí wọ́n rí ni ẹran funfun kan tí wọ́n fi kọ́, àti àwọn nǹkan roboto tí wọ́n tò sílẹ̀ lórí ọkọ̀. Àwọn ọmọ náà ro ó, wọ́n fi ọgbọ́n gbé e, wọ́n sì dé ibi tí ọgbọ́n gbé wọn dé: ẹran àwọn tó ṣáájú ni èyí, orí wọn ló wà nílẹ̀ yìí. Nílé wọn, iná ni wọ́n fi ń jó irun ara ẹlẹ́dẹ̀ dànù, nítorí náà wọn kò rí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ funfun báyìí rí. Wọ́n sún mọ́ ọn, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n rí pátákò rẹ̀, wọ́n mọ̀ pé ẹlẹ́dẹ̀ ni. Ohun roboto náà sì jẹ́ ọta ìbọn àgbá. Ọkàn wọn balẹ̀.

Ẹ tún wo èyí. Wọ́n mú Pọtogí tó jẹ́ olówó wọn wá sínú ọkọ̀ kan náà, ó wà nínú ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀. Àjàyí rí i pé ọkùnrin yìí kò lè fọwọ́ kan òun mọ́. Ó sún mọ́ ọn níbi tó dúró sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀, ó gbá a lórí. Nígbà tó ń kọ lẹ́tà náà ní ọdún 15 lẹ́yìn rẹ̀, ó jẹ́wọ́ pé ìwà tí kò dára ni òun hù.

Ìbẹ̀rù, àṣìṣe, ìwádìí, ìgbẹ̀san, àbámọ̀. Gbogbo ohun tí Roots fún Davies ló wà nínú ọkàn ọmọ Òṣogùn kan tí kò tíì ju ọdún 15 tàbí 16 lọ. Òǹkọ̀wé eré wo ni ì bá láyà láti hùmọ̀ ọ̀rọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ yẹn? Òótọ́ ni pé Gẹ̀ẹ́sì ni Crowther náà fi kọ lẹ́tà rẹ̀, ìbéèrè ìyá àgbà mi sì bá òun náà wí. Àmọ́ ẹni tó bá ń kà á á mọ̀ pé ọmọ tó mọ bí a ṣe ń jó irun ẹlẹ́dẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Freetown kò sì sọ èdè wọn nù: nítorí pé "ẹ kú" kò kúrò lẹ́nu wọn láàárọ̀ àti lálẹ́ ni àwọn èèyàn fi ń pè wọ́n ní Akú.

Kọ́sọ́lá náà wà, ẹni tí àwọn òpìtàn gbà pé agbègbè Bantè ní ilẹ̀ Benin ló ti wá, tí Amẹ́ríkà mọ̀ sí Cudjo Lewis. Ọkọ̀ Clotilda ló gbé e láti Wídà lọ sí Mobile ní Alabama ní 1860. Nígbà tó dàgbà, ó ròyìn ara rẹ̀ fún Zora Neale Hurston, ìwé tí wọ́n kò tẹ̀ jáde títí di 2018. Ohun tó jọ mí lójú nínú ìròyìn rẹ̀ ni pé nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀, tí wọ́n fẹ́ pín wọn fún àwọn olówó wọn, ẹkún ìyapa láàárín ara wọn ni wọ́n sun. Àádọ́rin ọjọ́ lórí omi ti sọ wọ́n di ẹbí. Ní ilẹ̀ Brazil, wọ́n ní orúkọ fún irú ẹbí bẹ́ẹ̀: malungo, ẹni tí a jọ wọ ọkọ̀ kan náà wá. Abúlé tí onìjàkadì inú Roots ń sọ rè é. Ó ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́, eré náà kàn sọ ọ́ lẹ́nu ni, kò jẹ́ ká rí i.

Ní Ẹ̀sìẹ́, tí kò jìnnà sí Òmù-Àrán, ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tó pẹ́ jù ní Nàìjíríà wà níbẹ̀, ọdún 1945 ni wọ́n ṣí i. Ère òkúta tó lé ní 1000 ló wà nínú rẹ̀. Ìtàn tí wọ́n sọ fún wa ní kékeré ni pé àlejò ni wọ́n, àwọn tó wá láti ọ̀nà jíjìn tí wọ́n sì di òkúta. Ẹni tó bá wọlé tó sì wò wọ́n lápapọ̀ á rò pé ọ̀kan náà ni gbogbo wọn: òkúta tó jókòó. Àmọ́ ẹ tẹ̀ síwájú díẹ̀. Èyí di irun báyìí, ìkejì di tirẹ̀ lọ́nà mìíràn. Èyí ní ilà lójú, èyí kò ní. Èyí mú ohun ìjà lọ́wọ́, èyí ń lu ìlù. Ẹni tó gbẹ́ wọn kò gbà kí ọ̀pọ̀ èèyàn gba ìyàtọ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan. Nígbà tí mo kọ́kọ́ padà síbẹ̀ lẹ́yìn tí mo wo Roots lẹ́ẹ̀kejì, ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé agbẹ́gilére tàbí agbẹ́kùúta yìí, ẹni tí a kò mọ orúkọ rẹ̀, ì bá mọ bí a ṣe ń ya àwòrán ìsàlẹ̀ ọkọ̀ náà.

Àwọn kan á sọ pé ọdún 1977 ti pẹ́. Òótọ́ ni. Wọ́n tún Roots ṣe ní 2016, Malachi Kirby ló ṣe Kunta, ọkọ̀ inú rẹ̀ sì dúdú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Síbẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣì ni ọ̀rọ̀ tó ṣe pàtàkì. Àwa náà ní Nàìjíríà ṣe tiwa: Jeta Amata ṣe The Amazing Grace ní Calabar ní 2006. Ta ló wà láàárín rẹ̀? John Newton, òyìnbó ọlọ́kọ̀ ẹrú tó di olórin ìyìn. Ọ̀gá ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ọkàn tó ń ṣiyè méjì lẹ́ẹ̀kan sí i.

Àwọn mìíràn á sọ pé òǹwòran kò ní jókòó ti èdè tí kò gbọ́. Èyí kì í ṣe òótọ́ mọ́. Túndé Kèlání ti fi Yorùbá ṣe Ṣaworoidẹ ní 1999, àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá sì wò ó. Ní 2022, Ẹlẹ́ṣin Ọba tí Bíyì Bándélé darí àti Aníkúlápó ti Kúnlé Afọláyan gba orí Netflix dé gbogbo ayé, Yorùbá ni wọ́n sọ. A ti ní aṣọ ayé àtijọ́, a ti ní ààfin, a ti ní ẹṣin. Ọkọ̀ ni a kò tíì wọ̀.

Bí ó bá sì jẹ́ owó ọkọ̀ ńlá ló ń dẹ́rù bà wá, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí Àjàyí ti bẹ̀rẹ̀: ọkọ̀ ọlọ́pọ́n kan lórí ọ̀sà, àpò àgbàdo, ọmọkùnrin kan tí kò rí omi tó pọ̀ tó báyìí rí, àti ohùn àwọn atukọ̀ tí ó ń fetí sí bóyá òun á gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Kò ná owó púpọ̀. Ohun tó gbà ni kí òǹkọ̀wé náà jókòó, kó bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí ọmọ yìí mọ̀, ohun tí kò mọ̀, àti ohun tó ṣì mọ̀.

Mo ṣèlérí pé màá sọ ìdí tí ìyá àgbà mi fi béèrè. Nínú agbo ilé wọn ní Ẹ̀sìẹ́, orúkọ ọmọkùnrin kan wà tí wọ́n máa ń pè mọ́ ti àwọn bàbá ńlá wọn bí wọ́n bá ń ṣe ọdún. Ó lọ sóko lásìkò ogun, kò padà wálé. Bóyá ó kú sọ́nà, bóyá ó sìnrú nílùú mìíràn nílẹ̀ Yorùbá níbí, bóyá ó dé etí òkun, kò sẹ́ni tó mọ̀. Wọn kò sin ín rí, nítorí a kì í sin ẹni tí a kò gbọ́ ikú rẹ̀.

Ìyá kò mọ ojú ọmọ náà, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Àmọ́ ó mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ nílé wọn. Kò sí ibi tí èèyàn gbé ohùn Ìgbómìnà dé tí ìyá kò ní dá a mọ̀. Nígbà tí àwọn èèyàn inú òkùnkùn yẹn la ẹnu, ó ń tẹ́tí. Nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì tán, tí ẹ̀gbọ́n mi pa tẹlifíṣọ̀n, ó jókòó síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kó tó dìde. Ó ní, "Wọn ò jẹ́ kí ẹnì kankan nínú wọn sọ̀rọ̀." Ó ká aṣọ rẹ̀ mọ́ra, ó wọlé lọ.